Kí ni Ilẹ̀ ṣe ní Lowndes?

Ilẹ̀ là ń kọ́kọ́ ta omi sí kí a tó dá Ifá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ káúńtì Lowndes, ní Alabama, l'Amẹ́ríkà, fi ń dùn mí. Amọ̀ dúdú ibẹ̀ kì í tètè fa omi. Òwú ni wọ́n ń fi ẹrú gbìn sí i nígbà kan. Lónìí, ìgbẹ́ ń ṣàn padà sí àgbàlá àwọn aláìní, nítorí owó wọn kò ká kòtò tó lè ṣiṣẹ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú èèyàn 55 tí ìwádìí 2017 yẹ̀ wò, 19 ló ní aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti mu ẹ̀jẹ̀.

Lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ bá ìpínlẹ̀ náà ṣàdéhùn àtúnṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n ní ètò tó ń wo àwọ̀ ara ni. Àwọ̀ ara kẹ̀! Ta ló ń gbé inú ìgbẹ́ náà?

Ẹlòmíràn á ní kí ló kàn wá. Ní Selma, ìlú kan nínú káúńtì tó bá Lowndes pààlà, ni Matilda McCrear kú sí lọ́dún 1940. Àbákẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ Clotilda ló gbé e lọ ní 1860, ilà Yorùbá sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí tó fi kú.