Ẹbí kan ní Cellefrouin

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan láàrin wa pé ọ̀rọ̀ ẹnu ará ilé kan ṣoṣo kò tó ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣe ìwé àṣekágbá. Wọ́n ní ó kéré jù. Wọ́n ní ká kúkú mú gbogbo ẹ̀ka-èdè láti Àjàṣẹ́ títí dé Atakpamé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, abúlé kékeré kan nílẹ̀ Faransé la ó sì fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Cellefrouin ni wọ́n ń pè é. Agbègbè Charente ló wà, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Bí àlejò bá débẹ̀, ohun méjì ni wọn yóò fi hàn án. Èkíní ni ilé ìjọsìn Saint-Pierre, tí wọ́n ti kọ́ láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11. Èkejì ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní lanterne des morts, ìyẹn fìtílà àwọn òkú. Òpó òkúta gíga ni. Ọ̀rúndún 12 ni wọ́n ti mọ ọ́n, òpó mẹ́jọ ni wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan bí ìdì igi, iná sì ń wà lókè rẹ̀ lóru nítorí àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀. Ìjọba ti kọ méjèèjì sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá. Láti ọdún 1913 ni òfin ti wà tó ń dáàbò bo irú wọn: ẹni tó bá fẹ́ yọ òkúta kan ṣoṣo lára wọn, àfi kó gba àṣẹ.

Àwa tí ń kọ́ ìmọ̀ èdè, ọ̀nà mìíràn la gbà mọ Cellefrouin. Jean-Pierre Rousselot, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n bí ní 1846 ní Saint-Claud tí kò jìnnà síbẹ̀, gbé ìwé kan jáde ní 1891 lórí bí ìró ṣe ń yí padà lẹ́nu ẹbí kan ní Cellefrouin. Ẹbí tirẹ̀ gan-an ni. Ó lo ẹ̀rọ tí ń fi abẹ́rẹ́ ya ìrìn èémí àti ohùn sórí bébà tí wọ́n fi èéfín kùn. Ó rí i pé àwọn tí ń jẹun nínú ìkòkò kan náà kò sọ̀rọ̀ bákan náà, pé ìró ẹnu àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọ, ẹni tó ń sọ ọ́ kò sì fura. Nígbà tó di 1897, ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí ìró èdè ní Collège de France. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí Praat lórí kọ̀ǹpútà yín lálaalẹ́, ọmọ-ọmọ ẹ̀rọ yẹn lẹ ń lò. (Ní 1905, Louis Gauchat ṣe irú rẹ̀ ní Charmey ní Siwitsálándì, ó sì rí ìran mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀. Abúlé lòun náà lọ o, kò lọ sí Geneva.)

Èdè Cellefrouin wá ńkọ́? Ibi tí èdè àríwá àti èdè gúúsù ilẹ̀ Faransé ti pàdé ló wà. Wọn kò kọ èdè yẹn sínú ìwé àjogúnbá kankan nígbà tí wọ́n ń kọ òkúta. Láti 1794 ni Grégoire ti jíṣẹ́ fún ìjọba pé kí wọ́n pa àwọn èdè ìbílẹ̀ run. Ilé-ìwé ló parí iṣẹ́ náà. Patois ni olùkọ́ ń pè é. Ǹjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi pe èdè tiwa nílé-ìwé? Ní Bretagne àti ní gúúsù Faransé, wọ́n ń fún ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ohun ìtìjú kan pé kó gbé e kiri. Ní Dahomey, wọ́n gbé e kọ́ àwọn bàbá wa lọ́rùn, signal ni wọ́n ń pè é. Ìwé òfin ilẹ̀ Faransé wá gbà ní 2008 pé àjogúnbá ni àwọn èdè agbègbè. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní 2021, ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ òfin náà fagi lé apá tí ìbá jẹ́ kí ilé-ìwé máa fi èdè wọ̀nyẹn kọ́ ọmọ láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣọ́ òkúta yẹn, wọn kò gbà á ṣọ́ ẹnu.

Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó jẹ́ àjogúnbá gbogbo ayé, inú gbogbo Kétu sì dùn. Orí ère là ń rí nínú fọ́tò. Orin ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru, èdè Kétu ni, ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà yóò kàn máa wo aṣọ ni. A tún ẹnu-bodè Àkàbà Ìdènà ṣe, a ò bá a wí. Ta ló ń tẹ́tí sí ohun tí ìyá arúgbó ń sọ lẹ́yìn ẹnu-bodè náà?

Àwọn kan yóò ní ìwé Rousselot kò dá èdè abúlé rẹ̀ dúró. Òtítọ́ ni. Ẹ̀rọ kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyá àti bàbá ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà yẹn ì bá máa bi òkúta léèrè ni.

Nítorí náà, à ń bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n gba agbo ilé kan gẹ́gẹ́ bí orí-ọ̀rọ̀ ìwé àṣekágbá. Agbo ilé kan ní Ṣábẹ̀ẹ́. Agbo ilé kan ní Àjàṣẹ́, níbi tí ìyá àgbà ń sọ Yorùbá, tí ọmọ ń fi Ègùn dáhùn, tí ọmọ-ọmọ ń fi Faransé bẹ̀bẹ̀. Kí ìsinmi tó dé, ẹ mú fóònù yín, ẹ ka ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni tó dàgbà jù nílé yín àti ẹni tó kéré jù, kí wọ́n tún un sọ. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kí ẹ tó tẹ fóònù o. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́, kì í ṣe ohun tí ìwé gírámà ní ká gbọ́. Àwa yóò fi àyè sílẹ̀ fún un ní ojú ìwé yìí.