Fáàfù Titun, Gbèsè Titun: Ta Ni Ó Ń Jèrè?

Àwọn àgbà ní, "Ohun tí ó bá wu ni ní ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni." Kò sí ẹni tí ó lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi pé ó fẹ́ràn orin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí ó ní kí òṣìṣẹ́ má fi owó tí ó bá ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ ra ohun tí ń mú inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ìgbádùn mìíràn ń bẹ tí ó dàbí ọkọ̀ tí kì í dúró lọ́nà: bí ènìyàn bá ti wọ̀ ọ́, ibi tí yóò ti sọ̀ kì í yé e mọ́. Irú rẹ̀ ni ọ̀ràn ẹ̀rọ amóhùnròkè onífáàfù, èyí tí àwọn olólùfẹ́ orin ń so mọ́ hẹ́ẹ̀dìfóònù, tí ó sì ti tún di àṣà láàárín wọn ní England, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, títí kan àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀ràn náà wò. Kì í ṣe láti bú ẹnikẹ́ni, nítorí pé èmi tí mò ń kọ̀wé yìí wà lára àwọn tí ó jẹ̀bi.

Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, fáàfù ni ìgò kékeré tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí irin tín-ín-rín kan ń gbóná nínú rẹ̀, tí iná mànàmáná sì ń gba inú òfìfo kọjá láti irin kan dé òmíràn. John Ambrose Fleming, ọmọ ilẹ̀ England, ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní 1904. Ní 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi irin kẹta sí i, èyí sì ni ó jẹ́ kí ohùn tín-ín-rín lè di ohùn ńlá. Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn nínú ilé àwọn ará Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, agbára fáàfù ni ó fi ń fọhùn. Tiransísítọ̀ tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ní ìparí 1947 ni ó wá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a má tan ara wa jẹ: bí a bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, tiransísítọ̀ ni ó borí. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ilé iṣẹ́ JDS Labs gbé jáde ní 2018 ní 99 dọ́là ń gbé ohùn jáde ní mímọ́ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onífáàfù tí owó wọn ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Fáàfù a máa fi nǹkan díẹ̀ tirẹ̀ kún ohùn tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá, àfikún yìí ni etí àwọn kan sì ń pè ní adùn. Èyí kò burú. Iyọ̀ kì í ṣe ẹran, ṣùgbọ́n ẹran a máa dùn pẹ̀lú iyọ̀. Ohun tí ó burú ni kí a ra iyọ̀ ní owó màlúù.

Bí ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ènìyàn a ra ẹ̀rọ kékeré kan ní nǹkan bí 150 dọ́là. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi sọ fún un pé fáàfù tí ó bá ẹ̀rọ náà wá kò dára tó, a sì pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn fáàfù, ó kan kapásítọ̀. Lẹ́yìn kapásítọ̀, ó kan tiransífómà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọn yóò ní ẹ̀rọ náà gan-an ni ó kéré. Bí ó ti ń náwó tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó ń rí ń kéré sí i, títí tí yóò fi di pé ojú ni ó fi ń rí i, kì í ṣe etí.

Nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo ra ọ̀kan ní àlòkù. Fáàfù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 12AU7, tí àwọn ará Europe ń pè ní ECC82, ni ó ń lò. Láàárín oṣù mẹ́ta mo ti ra mẹ́rin. Ìkẹrin wọn jẹ́ ti àtijọ́ tí a kò tíì lò rí. Owó tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún owó ilé-ìwé àbúrò mi ni mo fi rà á. Mo ránṣẹ́ sí i pé kí ó mú sùúrù di oṣù tí ń bọ̀. Kò bínú. Ó kàn dáhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ní kí n dúró sílé ná." Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń gbọ́ nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù mi, n kò gbọ́ orin.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ iṣẹ́ mànàmáná ní kí a dán ọ̀ràn náà wò. Ó gbé ẹ̀rọ náà sí ibi tí ojú mi kò dé. Nígbà mẹ́wàá ni ó yọ fáàfù tí ó sì tún fi sí i: nígbà mìíràn ó fi èyí tí ó bá ẹ̀rọ wá sí i, nígbà mìíràn ó fi olówó iyebíye sí i, èmi sì ń sọ èyí tí mo rò pé ó jẹ́. Mo gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ń ta owó ẹyọ sókè lè ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé etí ẹlòmíràn ni mo ti fi ń gbọ́ orin láti ìgbà yìí wá.

Ǹjẹ́ kò wá sí èrè nínú rẹ̀ rárá bí? Èrè ń bẹ. Èkínní ni pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀rọ onífáàfù kan tí kò ní tiransífómà níbi tí ohùn ti ń jáde lè ní ìdíwọ́ 120 óòmù nínú ara rẹ̀. Bí a bá so hẹ́ẹ̀dìfóònù 300 óòmù mọ́ ọn, irú Sennheiser HD 600 tí ó jáde ní 1997, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá fóòtì náà ni yóò dé inú hẹ́ẹ̀dìfóònù. Bí a bá so ti 32 óòmù mọ́ ọn, ìdá kan nínú márùn-ún péré ni. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ohun tí kò bá ara wọn mu yóò gbọ́ ìyàtọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Èkejì ni ti ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ náà níhìn-ín. Fáàfù yìí ń fẹ́ 6.3 fóòtì kí ó tó lè gbóná bí ó ti yẹ. Bí iná ilé bá wálẹ̀ láti 230 fóòtì sí 190, tí kò sì sí ohun tí ó ń ṣọ́ ọ, nǹkan bí 5.2 ni yóò kù fún un. Ìgbóná tí kò tó ń bà á jẹ́, ìgbóná àpọ̀jù náà ń bà á jẹ́. Sítábíláísà tí ó dára yóò ṣe é lóore ju orúkọ ńlá tí a kọ sí ara ìgò lọ.

Ti orúkọ yìí gan-an yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ilé iṣẹ́ Mullard ní Blackburn, ní England, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1938, lókìkí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kò ti ṣe fáàfù mọ́. Fáàfù titun tí a kọ orúkọ Mullard sí lára ti ń jáde láti ìlú Saratov ní Rọ́ṣíà. Nígbà tí ìjọba Rọ́ṣíà fi òfin de ọjà tí ń jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn ní March 1922 + 100, èyíinì ni 2022, ọjà fáàfù dàrú, owó rẹ̀ sì fò sókè ní Amẹ́ríkà àti ní Europe. Slovakia àti China nìkan ni ó kù nígbà náà tí àwọn olùrà lè yíjú sí fún púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe nǹkan yìí bá lè di ẹni tí ń tọrọ rẹ̀ lẹ́nu ibodè ẹlòmíràn, kí ni ti àwa tí a kò tíì ṣe é rí?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù. Èrè kẹta, tí ó sì tóbi jù lọ, wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ náà pọ̀. Àwọn kan ń ta á ní tútúká, tí olùrà yóò fi òjé jó wáyà mọ́ wáyà títí tí yóò fi fọhùn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò tún ní bẹ̀rù àpótí dúdú kankan mọ́. Kì í ṣe pé kí a gbé e fún ọmọ kékeré, nítorí pé fóòtì inú rẹ̀ lè ju 100 lọ dáadáa, kapásítọ̀ rẹ̀ sì lè pa ènìyàn lára lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ṣùgbọ́n fáàfù tí ó ti kú kò ní ewu iná. Ẹ gbé e sí ọwọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n ka irin inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe. Láti 1960 ni a ti gba òmìnira. Ẹni tí ó mọ ọjà rírà nìkan, tí kò mọ àtúnṣe, òmìnira rẹ̀ kò tíì kún.

Ìmọ̀ràn mi fún olólùfẹ́ orin kò pọ̀. Kí ó kọ́kọ́ wá orin tí a gbà sílẹ̀ dáadáa. Kí ó ra hẹ́ẹ̀dìfóònù tí ó dára. Kí ó wá ẹ̀rọ tí ó bá a mu. Kí fáàfù olówó iyebíye ṣe ìkẹyìn. Kí ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn dán etí rẹ̀ wò kí ó tó sanwó. Mo ṣì ní ẹ̀rọ mi. Bí mo bá fi gbọ́ I. K. Dairo, ohùn gángan a máa dún sí mi létí bí ẹni pé onílù wà nínú yàrá, fáàfù tí ó bá a wá láti ilẹ̀ ni mo sì fi ń gbọ́ ọ. Àbúrò mi padà sí ilé-ìwé ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ oṣù kan tí ó pàdánù, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè mú un padà wá. Kí owó ilé-ìwé máa kọ́kọ́ kúrò lápò, kí ti fáàfù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ mi kò jù báyìí lọ.