Ọmọ Tuntun Kì Í Ṣe Aṣọ Tí À Ń Sá Sóòrùn

Bí ọmọ bá ti lo bí ọjọ́ mẹ́ta láyé, tí ẹyinjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo ilé máa ń gbà á ní: "Ẹ gbé e sóòrùn." Ìyá ọkọ á sọ ọ́, aládùúgbò á sọ ọ́, ẹni tó wá kí ìyá ọmọ kú ewu á sọ ọ́. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn náà ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dá ìyá ọmọ padà sílé. Ni wọ́n á bá bọ́ ọmọ sí ìhòòhò, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní lójúde, oòrùn á sì máa ta á lójú.

Àṣà yìí ni mo fẹ́ bá jà lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò ní pe ẹnikẹ́ni ní òpè. Àwọn tó ń gbé ọmọ sóòrùn kò purọ́. Oòrùn máa ń dín ibà pọ́njú ọmọ tuntun kù lóòótọ́, àti pé inú oòrùn gan-an ni iná tí wọ́n ń tàn sí ọmọ lára nílé ìwòsàn lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Ní 1956, nílé ìwòsàn Rochford ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tó ń jẹ́ Jean Ward. Òun ló ń bójú tó àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn. Ó gbà pé atẹ́gùn ìta sàn fún wọn ju ooru inú wọ́ọ̀dù lọ, nítorí náà bí ojú ọjọ́ bá ti dára, a máa gbé wọn lọ sí àgbàlá. Lọ́jọ́ kan ó tú aṣọ lára ọmọ kan fún àwọn dókítà wò. Gbogbo ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ojú ibì kan tó rí bí igun mẹ́ta, tó ṣì pọ́n kọ̀ọ̀. Dókítà àgbà rò pé ńṣe ni nọ́ọ̀sì fi oògùn kun ọmọ lára níbẹ̀, ó bi í pé kí ló fi kùn ún. Obìnrin náà ní òun kò kun nǹkan kan. Etí aṣọ ló bo ibẹ̀, ìyókù ara ni oòrùn ti mú kó mọ́. Wọn kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan sétí fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń ràn án. Nígbà tí wọ́n padà yẹ̀ ẹ́ wò, èròjà tó ń mú ara ọmọ pọ́n ti lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ní 1958, dókítà Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló yẹ ká fojú sí. Wọn kò fi í mọ sí kíkó ọmọ jáde síta. Iná ni wọ́n ṣe, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè ibùsùn ọmọ. Ó ti yé wọn pé apá kan lára ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ìyókù kò wúlò fún ọmọ, ó sì lè pa á lára.

Apá tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Bó bá wọ awọ ọmọ, yóò yí èròjà tí wọ́n ń pè ní bilirubin padà sí oríṣi tó lè bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde. Ìyókù ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó ni bilirubin. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lágbára tó láti máa kó o dànù. Ìdí nìyí tí bí ọmọ 6 nínú 10 tí oṣù wọn pé fi máa ń pọ́n díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn yóò sì mọ́ fúnra wọn. (Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ oòrùn di olóògùn ńlá lójú wa. Ọmọ tí kò bá jáde kúrò nínú yàrá rárá ì bá mọ́ bákan náà.) Oòrùn kì í yọ búlúù sọ́tọ̀ fún ọmọ. Ó ń gbé ooru wá, ó sì ń gbé àwọn ìtànṣán tí ojú kì í rí wá, àwọn tí ń jó awọ tí wọ́n sì ń ba ẹyinjú jẹ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n máa ń fi nǹkan bo ọmọ lójú kí wọ́n tó tanná sí i. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójúde?

Ẹ̀yin ìyá àgbà mọ̀ pé etí ọmọ là ń wò ká tó mọ bó ṣe máa dúdú tó, torí pé àwọ̀ rẹ̀ gan-an kò tíì jáde. Dúdú tó ń gbèjà àgbàlagbà lọ́wọ́ oòrùn kò tíì pé lára ọmọ ọjọ́ mẹ́rin. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò tíì mọ bí a ṣe ń làágùn dáadáa, kò lè sún kúrò lójú oòrùn, kò sì lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Omi ara rẹ̀ á máa gbẹ, bí omi bá sì ti dín kù, bilirubin inú ẹ̀jẹ̀ á tún ki sí i. Ẹni tí à ń lé jáde la tún ń gbé oúnjẹ fún. Kò tún sí ìpara tí a lè fi pa á: àwọn dókítà ọmọdé kì í fẹ́ kí a fi ìpara tí ń dènà oòrùn pa ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ibòòji ni wọ́n ní kó wà. Bí ọmọ bá wá jẹ́ àfín, ẹ má tilẹ̀ gbèrò rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: oòrùn àárọ̀ ni, kì í ta. Ó dáa. Oòrùn kùtùkùtù tí kò ta yẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lábẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe nǹkan gúnmọ́ fún ọmọ tí ara rẹ̀ pọ́n gan-an. Lásìkò ọyẹ́ ńkọ́? Òtútù ni ọmọ oníhòòhò máa gbé wọlé. Oòrùn tó bá sì ti lágbára tó láti ṣiṣẹ́, ó ti lágbára tó láti jó o. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ láìfi bò nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2004: ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú oòrùn tó, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè tẹ́ ọmọ oníhòòhò sábẹ́ rẹ̀ láìséwu, nítorí náà kò ṣeé gbára lé.

Síbẹ̀, awọ tó jó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọjọ́ tó ń kọjá lọ ni.

Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ibà pọ́njú ọmọ máa ń le jù. Ẹ wo àsìkò tó bọ́ sí: ìyá ti kúrò nílé ìwòsàn, a kò sì tíì sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá àgbà ń wẹ ọmọ, bàbá ń sáré owó ìkómọjáde kiri, kò sí ojú oníṣègùn kankan lára ọmọ. Àwọn àlejò tó kọ́kọ́ dé tún lè máa yin ọmọ pé pupa ni, pé ìyá bàbá rẹ̀ ló fi àwọ̀ jọ. Bí wọ́n bá wá ń gbé e sóòrùn láràárọ̀, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀ pé ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èròjà yẹn ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ kò fẹ́ mu ọyàn mọ́, wọ́n ní ó ń sùn dáadáa ni. Ó ń ké kíkankíkan bí ẹni tí nǹkan ta, ó ń tẹ ẹ̀yìn kọ̀rọ̀dọ̀, wọ́n ní inú ló ń run ún. Bí bilirubin bá ti wọ ọpọlọ, iná kò lè tún un ṣe mọ́. Ọmọ lè di adití. Ọrùn rẹ̀ lè má dúró, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ́ láìjẹ́ pé òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa, à ń gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà, à ń bi ara wa pé ta ló ṣe wá, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí a bí wọn gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́.

Káńfọ̀ náà tún ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọkùnrin márùn-ún lọ́dọ̀ wa ni kò ní èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó bó ṣe yẹ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ òórùn káńfọ̀ lára aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú àpótí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ojú rẹ̀ á sì pọ́n lójijì. Ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹ má fi róòbù pa á.

Ìròyìn ayọ̀ wà ṣá, ilé wa níbí ló sì ti wá. Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà, oníṣègùn ọmọdé ní Èkó, àti Dókítà Tina Slusher láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, bi ara wọn léèrè pé nílẹ̀ tí iná kì í dúró, tí oòrùn sì pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣé kò sí bí a ṣe lè sẹ́ oòrùn kí ohun tó dára nínú rẹ̀ nìkan kọjá? Wọ́n ta àgọ́ sí àgbàlá Island Maternity ní Èkó. Wọ́n fi fíìmù bò ó, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé. Ó ń dá àwọn ìtànṣán tí ń jó awọ padà, ó ń dín ooru kù, ó sì ń jẹ́ kí búlúù wọlé. Àwọn ìyá jókòó sínú àgọ́ pẹ̀lú ọmọ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ń yẹ bí ara ọmọ ṣe gbóná tó wò lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bà á. Ọmọ 447 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà: wọ́n fi bí ìdajì sábẹ́ àgọ́, wọ́n fi ìyókù sábẹ́ iná. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, àgọ́ ti ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú, iná ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Ìmọ́lẹ̀ inú àgọ́ ju ìlọ́po méjì ti iná lọ, 40 sí 17. Kò sí ọmọ kan tí wọ́n ní láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún dán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́, nílé ìwòsàn Yunifásítì Bowen, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí tiwọn le díẹ̀, wọ́n sì fi í wé iná tó lágbára jù. Àgọ́ kò rẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú ohun kan jáde nínú ìwádìí ti Èkó. Pẹ̀lú fíìmù, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọmọ, ara ìdá 5 nínú 100 lára àwọn ọmọ inú àgọ́ ṣì gbóná kọjá 38, nígbà tó jẹ́ ìdá 1 péré lábẹ́ iná. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti sẹ́ oòrùn, kí ni ká ti sọ nípa ojúde tí kò sí ẹni tó ń wọn nǹkan kan? Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun ní mọ́tò onígíláàsì dúdú. Mọ́tò tó wà lójú oòrùn kì í ṣe ibi tí à ń gbé ọmọ sí.

Àwọn kan á ní oòrùn ló ń mú egungun le. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ọjọ́ mẹ́rin oníhòòhò là ń sọ nìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ́mù nínú oúnjẹ ni olórí ohun tó ń ká ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ kò.

Owó ńkọ́? Fíìmù àti òpó àgọ́ kò tó owó ẹ̀rọ iná, ká má tíì sọ̀rọ̀ epo jẹnẹrétọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń kọ́ ilé ìlera sí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lè fi àgọ́ kan kún un, kí wọ́n sì kọ́ òṣìṣẹ́ méjì bí a ti ń lò ó. Ìwádìí tí a ṣe ní Èkó àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò yẹ kó jẹ́ inú ìwé àwọn òyìnbó nìkan la ó ti máa kà á.

Títí dìgbà náà, ìyá àgbà ni kí àwọn ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí. Aboyún nìkan ló ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nílé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló máa wẹ ọmọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì pé ní ìpàdé kan, kí aboyún mú ẹni tí yóò máa wẹ ọmọ wá. Kí wọ́n má bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó ti wẹ ọmọ ogún lè tètè rí pípọ́n ju nọ́ọ̀sì lọ, bí a bá fi ibi tí yóò wò hàn án: ẹyinjú, èrìgì, àtẹ́lẹsẹ̀, kó fi ìka tẹ iwájú orí ọmọ lójú mọmọ, kó wo àwọ̀ tó kù níbẹ̀ bó bá gbé ìka kúrò. Bó bá pọ́n kí ọmọ tó pé wákàtí 24, tàbí tó dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kọ ọyàn, kó má dúró de àárọ̀. Kó pe bàbá ọmọ kó wá ọkọ̀, kó sọ fún dókítà pé kí wọ́n ṣàyẹ̀wò bilirubin ọmọ náà kí wọ́n tó dá a padà sílé.