Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ eré inú tẹlifíṣọ̀n ni a fẹ́ bá yín sọ. Àwọn kan yóò ní eré lásán ni. Àwa kò gbà. Ohun tí ọmọ ń wò lójoojúmọ́ ni yóò fi mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́.

Ní New York tí a wà yìí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọmọ Júù àti ọmọ Áyálándì ṣe tọkọtaya nínú eré. Ní 1922 ni Abie's Irish Rose, tí Anne Nichols kọ, bẹ̀rẹ̀ ní Broadway. Ó lé ní ìgbà 2,300 tí wọ́n ṣe é. Júù ni ọkọ, Kátólíìkì ọmọ Áyálándì ni ìyàwó, bàbá méjèèjì sì yarí. Kí ló parí ìjà? Ìbejì! Ọkùnrin gba orúkọ bàbá ìyàwó, obìnrin gba orúkọ ìyá ọkọ, ó tán. Ẹ jọ̀wọ́, ilé mélòó ni Ọlọ́run ń fi ìbejì parí ìjà fún?

Ní 1972, CBS gbé irú rẹ̀ wá sínú tẹlifíṣọ̀n: Bridget Loves Bernie. Olùkọ́ ni Bridget, ọmọ Áyálándì. Bernie, ọmọ Júù, ń wa takisí. Àwọn rábì àti ẹgbẹ́ Júù kan fárígá pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tó lè tú ìdílé àti ẹ̀sìn ká ṣe ẹ̀rín. Ní 1973, lẹ́yìn ìpín 24, eré náà kásẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lára márùn-ún tí ènìyàn ń wò jù.

Àwa kò bá ìfẹ́ jà. Ṣùgbọ́n a ní ìhà méjèèjì ṣìnà. Àwọn òǹkọ̀wé sọ ẹ̀yà méjì di oúnjẹ, ohùn ẹnu àti ìyá aláriwo. Àwọn tó fárígá sì béèrè ohun tó tọ́: orúkọ wo ni ọmọ yóò jẹ́, èdè wo ni yóò sọ? Àmọ́ pípa eré kì í ṣe ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Láti 2019 sí 2024, CBS kan náà ṣe Bob Hearts Abishola: nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá àti òyìnbó oníbọ̀sẹ̀ ní Detroit. Ọmọ wa Folake Olowofoyeku ni Abishola. Gina Yashere, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, wà lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀. Nítorí pé ẹni tó mọ ilé wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, a gbọ́ Yorùbá ketekete nínú ilé òyìnbó.

Ìdí nìyí tí a fi ń bínú sí àwa fúnra wa. A ń jókòó sínú pálọ̀, a ń ṣe àríwísí ohùn àwọn òṣèré, bẹ́ẹ̀ ọmọ tiwa ní Brooklyn àti Bronx kò lè kí ìyá àgbà lórí tẹlifóònù. Ẹ kọ́ wọn ní èdè, kí ẹ sì fún wọn ní kálàmù. Ẹni tí kò bá sọ ìtàn ilé rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò fi í pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín.