Sáíkọ́lọ́jì Kì í Ṣe Ẹ̀kọ́ Wèrè

Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, bí ọmọ bá sọ pé òfin tàbí ìṣègùn ni òun ń kà ní Yunifásítì, wọ́n á gbé e gẹ̀gẹ̀. Bí ó bá ní sáíkọ́lọ́jì ni, wọ́n á ní, “Ṣé wèrè ni o fẹ́ máa tọ́jú ni?” Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fi ìtìjú dáhùn. Èmi kò rí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìṣesí ọmọ ènìyàn kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa mọ̀ pé inú ènìyàn jìn. Wọ́n ya orí inú sọ́tọ̀ kúrò lára orí òde. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé àdúgbò, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé nípa ohun tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní “brain fag”: orí ń gbóná, ojú ń ṣú, ìwé kò wọlé mọ́. Ta ni kò mọ èyí nínú wa lásìkò ìdánwò?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀dùn ọkàn mi nìyí. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìyá tí ń tajà lọ́jà Ìkòtún kò ní lo ọ̀rọ̀ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì wa. Yóò ní, “Àyà mi ń já,” tàbí, “Ọkàn mi kò balẹ̀.” Bí a bá gboyè tán tí a kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, kí ni oyè náà wúlò fún? Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ bu ọwọ́ lù ní 2023 dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè gbọ́ èdè aláìsàn fún wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àṣekágbá wa máa ṣa irú ọ̀rọ̀ báyìí jọ láti ẹnu àwọn ará àdúgbò wa, kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí ó bí i ń wá ẹni tí yóò gbọ́ èdè rẹ̀.