Ẹ Má Gé Ẹsẹ̀ Kẹta Púlọ́ọ̀gì

Ìmọ̀ràn kan ti gba ẹnu àwọn onígìtá àti àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá wa: bí ámpù bá ń kùn, ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń gbé iná lọ sílẹ̀, ló fà á; ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì tó so mọ́ ọn, ariwo á dákẹ́. Ìmọ̀ràn tó lè pa èèyàn ni. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti fà á tu ni pé ariwo náà máa ń dákẹ́ lóòótọ́ nígbà mìíràn. Ẹni tó gé e á gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, á sì gbà pé òun ti mú olè. Aláìṣẹ̀ ló mú.

Inú iná ni ariwo yẹn ti ń wá. Iná ilé wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí etí rẹ̀ mọ kíì á dá ohùn rẹ̀ mọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá G ìsàlẹ̀ gìtá béèsì dọ́gba, èyí tí a ń tẹ̀ ní fúrẹ́ẹ̀tì kẹta lórí okùn E. Bí jẹnẹrétọ̀ lẹ bá ń lò, tí ẹnì kan tan áyọ́ọ̀nù tí ẹ́ńjìnì rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí kíkùn náà á rẹlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ọ̀nà tí àwọn tó ń gé ẹsẹ̀ rí fìrí ni èyí. Ámpù ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìtàgé. Míkísà ní tirẹ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà. Wáyà tó gbé ohùn láti ibi kan dé ìkejì ní àwọ̀n wáyà tó yí i ká, àwọ̀n yẹn sì tún so ẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀. Òbìrìkìtì ńlá kan ti délẹ̀ nìyẹn. Tránsífọ́mà àti wáyà inú ògiri tó wà nítòsí á máa ti iná díẹ̀ sínú rẹ̀, díẹ̀ yẹn á gba ara wáyà ohùn kọjá, ẹ̀rọ á sì máa sọ ọ́ síta bíi pé orin ni. Ẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi. Ọ̀nà méjì tí a là fún un ló jẹ̀bi.

Ẹ wá wo ohun tí a fi ra ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Okùn gìtá so mọ́ ara irin ámpù: láti orí okùn, gba bíríìjì, gba wáyà gìtá, ó di ara irin. Bí láìfù bá jábọ́ nínú ámpù tó kan irin, ẹ́ẹ̀tì á gbé iná náà lọ sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, fíùsì á jó, ẹ̀rọ á kú. Bí ẹ́ẹ̀tì kò bá sí, fíùsì kò ní mọ nǹkan kan. Wáyà ohùn kò lè gba iṣẹ́ ẹ́ẹ̀tì ṣe: ó tín-ín-rín, ẹnikẹ́ni sì lè fà á yọ nígbàkigbà. Iná 230 fóólítì á wà lórí okùn gìtá. Máìkì ní ẹ́ẹ̀tì láti inú míkísà. Ìka lórí okùn, ètè lára máìkì: àyà ló wà láàárín. Iná 30 milliamp tó bá gba àyà kọjá lè da ìlù ọkàn rú títí tí yóò fi dúró. Gílóòbù 100 wáàtì ń fà ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ, nítorí náà fíùsì 13 amp inú púlọ́ọ̀gì kò ní mira.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan máìkì lórí ìtàgé ní Swansea, ní Wales. Ẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ kò pé. Iná gbé e, ó kú. Keith Relf, tó ti ń kọrin fún The Yardbirds tẹ́lẹ̀, kú nínú ilé ara rẹ̀ lọ́dún 1976 nídìí gìtá tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dára.

Wọ́n á ní, “Ọjọ́ wo la ti ń gé e, ta ló kú?” Gígé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń pani. Ó ń dúró de àbùkù kejì: wáyà tí eku jẹ, tránsífọ́mà tó ń jò. Bí máìkì bá ń ta ètè akọrin, àbùkù kejì ti ń kan ilẹ̀kùn, síbẹ̀ fóòmù làwọn kan á fi bò ó, orin á sì máa lọ. Nínú gbọ̀ngàn tó ní fésì mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀: bí ámpù bá wà lórí fésì kan, tí míkísà wà lórí òmíràn, nǹkan bí 400 fóólítì ló wà láàárín àwọn fésì méjèèjì. Àwọn ilé wa mìíràn sì wà tí ihò kẹta wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni ká pè síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Láti pa ariwo náà láìgé ẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba iná gbogbo ẹ̀rọ orin láti orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ẹ yí fọ́lúùmù gìtá wálẹ̀ pátá. Bí ariwo bá kú, inú gìtá ló ti ń wọlé; Seth Lover ti ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn fún ilé iṣẹ́ Gibson ní 1955, ó fi kọ́ìlì méjì sínú píkọ́ọ̀pù kí ariwo ọ̀kan lè pa ti ìkejì. Bí kò bá kú, ẹ máa yọ pédààlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá fura sí, ẹ fi bátìrì 9 fóólítì sí i. Bó bá dákẹ́, àdápítọ̀ kan tó ń bọ́ pédààlì púpọ̀ ló ń dà yín láàmú. Ẹ ra èyí tí ẹnu kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní DI, èyí tó ní tránsífọ́mà, sáàárín ámpù àti míkísà.

Àwọn kan á sì tọ́ka sí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ “lift” sí lára DI, pé àwọn tó ṣe é náà ń já ẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnnì yẹn kò fọwọ́ kan iná ilé rárá. Àwọ̀n wáyà ohùn ló ń já, láàárín DI àti míkísà. Ámpù ṣì wà lórí ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, míkísà wà lórí tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí a ti já òbìrìkìtì náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Púlọ́ọ̀gì tí ẹ ti gé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ìsìn tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.