Ọkọ̀ Ìpẹja Láti Òkè Òkun: Kí Owó Pọ́ọ́kú Má Di Gbèsè

Láti Àgbádárìgì títí dé Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ọ̀pọ̀ apẹja lọ́kàn lónìí ni bí wọn yóò ṣe rí ọkọ̀ rà. Pákó ti wọ́n. Ìṣó, ọ̀dà àti owó iṣẹ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀ náà kò rọrùn mọ́. Nínú ìnira yìí ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ti ń fi àwòrán ọkọ̀ han àwọn ọmọ wa lórí fóònù, pàápàá àwọn tó wà ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọkọ̀ ìpẹja tí a fi fáíbà ṣe, tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára, tí owó rẹ̀ kò sì ga ju agbára mẹ̀kúnnù lọ, ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.

Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni pé, ṣé kí àwọn apẹja wa ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Èrò tiwa ni pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí a bá fi ọgbọ́n rà á. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé iye tí ẹni tó kan ọkọ̀ dá lé e kọ́ ni iye tí ọkọ̀ náà yóò jẹ́ nígbà tó bá dé etí omi wa. Ọkọ̀ tí kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe ní abúlé kì í ṣe ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti apẹja nìkan. Etíkun Nàìjíríà gùn tó kìlómítà 853. Òfin ilẹ̀ wa ka àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun léèwọ̀ nínú máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etíkun, kí àwọn apẹja kéékèèké lè rí ibi dẹ àwọ̀n wọn sí. Àwọn apẹja kéékèèké yìí ló sì ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja tí wọ́n ń pa ní ilẹ̀ yìí. Bí ọkọ̀ wọn bá dúró, àwọn ìyá tó ń yan ẹja, àwọn tó ń gbé e lọ sí ọjà, àti àwa tí à ń jẹ ẹ́ nínú oko àti nínú ìlú, gbogbo wa ló kàn.

A kò fojú tín-ín-rín ọkọ̀ pákó. Òun ló bọ́ àwọn baba wa, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kàn, oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n igi a máa mu omi, kòkòrò inú omi a máa jẹ ẹ́, ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó a sì máa fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè. Bí igi bá ti mu omi yó, ọkọ̀ á wúwo, ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ epo ju bó ti yẹ lọ. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, kò sí apẹja tí ọ̀rọ̀ yìí kò yé. Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́, tí kì í mu omi, yóò dín ìnáwó orí epo kù. Ìdí nìyí tí ọkàn àwọn ènìyàn fi ń fà sí fáíbà.

Ọkọ̀ fáíbà tí kò ní ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ohun tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan ṣe irú rẹ̀ kan jáde lábẹ́ ètò kan tí Báńkì Àgbáyé lọ́wọ́ sí. Panga ni wọ́n ń pè é. Kò ní yàrá, kò ní òrùlé, kò ní àga tìmùtìmù. Imú rẹ̀ ga sókè kí ó lè la ìgbì kọjá, ara rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kékeré lè tì í. Àwọn apẹja Mẹ́síkò àti ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè agbègbè rẹ̀ ló ń lò ó títí di òní. Ní Sri Lanka àti ní Tamil Nadu ní ilẹ̀ Íńdíà náà, ọ̀pọ̀ apẹja ló ti fi ọkọ̀ fáíbà rọ́pò ọkọ̀ igi. Ọ̀ṣọ́ kì í pa ẹja. Ohun tí apẹja ń fẹ́ ni ọkọ̀ tó lè gbé òun, àwọ̀n òun àti ẹja òun padà wálé láyọ̀.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni orí iye owó. Lẹ́tà mẹ́ta kan wà tí àwọn oníṣòwò máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n dá lé ọjà: FOB. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó yẹn parí sí inú ọkọ̀ akẹ́rù ní èbúté tiwọn lọ́hùn-ún. Owó tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbà kí ó tó gbé e wá, owó adójútòfò, owó àwọn aṣọ́bodè, owó àwọn tó ń bá ni gba ẹrù ní èbúté, owó ìdádúró bí ìwé bá pẹ́, àti owó ọkọ̀ àjàgbé láti Àpápá dé Ìgbókọ̀dá, ọrùn ẹni tó ra ọjà ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ẹnìkan bá wo iye àkọ́kọ́ yẹn nìkan, tó lọ yá owó, ẹrù rẹ̀ lè dé èbúté kí ó má rí owó gbà á jáde.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń dì í. Kọntéènà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 gba nǹkan bíi mítà 12 nínú, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò fẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀. Ọkọ̀ tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní í wọlé bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ọkọ̀ tí kò ní yàrá tàbí òrùlé ṣe é kó sínú ara wọn bí ẹni ń kó abọ́ jọ. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan yóò san owó afẹ́fẹ́ inú kọntéènà. Àwọn mẹ́wàá tó bá pawọ́ pọ̀ yóò pín owó náà láàárín ara wọn.

Dọ́là tún wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nínú ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ká sọ pé 2,000 dọ́là ni wọ́n dá lé ọkọ̀ kan, èyí tí kò tó mílíọ̀nù kan náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta nínú ọdún 2024 náà kí ọkọ̀ náà tó kúrò lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń fi náírà pa ẹja tó sì ń fi dọ́là san gbèsè gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kù. Omi yàtọ̀ sí omi. Àwọn ará Yúróòpù ní ìlànà tí wọ́n fi ń pín àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ kéékèèké sí ọ̀nà mẹ́rin, láti A dé D, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ sì máa ń kọ ọ́ sára ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ D wà fún omi tó dákẹ́, tí ìgbì rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ. Èyí tó bá jẹ́ C lè kojú ìgbì tó ga tó mítà 2. Ọkọ̀ onísàlẹ̀ pẹrẹsẹ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwòrán sábà máa ń jẹ́ ti inú odò àti adágún. Ó lè wúlò fún ẹni tó ń pẹja nínú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbé e dojú kọ òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ lu etíkun, ikú ló ń wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ bi ẹni tó ń tà á nìyí: omi wo ni ẹ kàn án fún, ènìyàn mélòó ni ó lè gbé, kílò mélòó sì ni? Bí kò bá lè kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kí a kọjá lọ.

Ẹ̀kọ́ ńlá kan wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Éṣíà. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 2004, omi òkun ya wọ ilẹ̀ ní Indonesia, Sri Lanka, Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, ó sì kó ọkọ̀ àwọn apẹja lọ. Àánú ṣe gbogbo ayé, oríṣiríṣi ẹgbẹ́ sì sáré kan ọkọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n nítorí ìkánjú, púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ni kò dára tó láti wọ òkun. Àjọ FAO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, fi ìkìlọ̀ síta lórí rẹ̀. Ohun tí àjọ náà ṣe lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí a kọ́: ó kọ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń fi fáíbà kan ọkọ̀ tó lè gúnlẹ̀ sí etí òkun, ó sì mú kí a dá àwọn oníṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Bí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ bá lè di ewu, mélòó-mélòó ni èyí tí apẹja fi owó ara rẹ̀ rà.

Àtúnṣe náà ńkọ́? Fáíbà kì í jẹrà bí igi, ṣùgbọ́n òkúta lè lu ú. Ẹni tó bá fẹ́ dí i gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fá ojú ibẹ̀, kí ó jẹ́ kó gbẹ, kí ó tó tẹ́ fáíbà tuntun lé e pẹ̀lú oje rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tutù, kò ní í lẹ̀ mọ́ra. Ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń so mọ́, ni kí a yẹ̀ wò jù lọ, nítorí pé pákó ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi sínú fáíbà níbẹ̀. Bí omi bá ráyè wọ ọ́, á jẹrà láìjẹ́ pé ojú rí i. Ní ti ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí mẹkáníìkì ìlú ẹni mọ̀, tí ohun èlò rẹ̀ wà lọ́jà, ni kí a so mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì àjèjì tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí yanrìn fún oṣù mẹ́ta nítorí ohun èlò kékeré kan.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún àwọn apẹja ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a rà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ra ẹyọ kan tàbí méjì, kí àwọn àgbà apẹja gbé e wọ omi nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó ra púpọ̀. Kí wọ́n gba ọ̀nà báńkì àti ìwé Form M, kí wọ́n má ṣe san gbogbo owó tán kí ọkọ̀ tó parí, kí wọ́n sì rán ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Kí owó ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ láti ṣe. A kò fẹ́ ọkọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n kọ orúkọ olóṣèlú sí lára, tí wọ́n pín níwájú kámẹ́rà. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó, Èkó àti Ògùn, àti lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọrọ̀ òkun, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2023, ni kí wọ́n ra mọ́ọ̀dù. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ṣe ń lo mọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi fáíbà kan ọkọ̀. Mọ́ọ̀dù kan lè bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀. Kí àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará òkè òkun ní í nínú pé wọn yóò kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ náà, kí NIOMR, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa òkun tó ti wà ní Èkó láti ọdún 1975, sì máa yẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wò.

Èyí kò kọjá agbára wa. Láti ọdún 1947 tí wọ́n ti tẹ Ayétòrò dó, àwọn ará ibẹ̀ pa owó wọn pọ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ ojú omi. Òkun ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn lónìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n lò kò bá ilẹ̀ náà lọ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má náwó. Ohun tí a ń sọ ni pé kí owó tí apẹja fi ẹ̀mí wá má lọ sórí ọkọ̀ tí kò ní í pé ọdún méjì lórí omi.